Èèmọ́ Ìpàkọ́ Ọdẹ́ṣínà

Ẹni tí ń yẹ̀nà kò mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jókòó dáadáa. Kí ẹni tí ó ní ikọ́ wú u tán, kí ẹni tí ó gbé ọmọ dání fún un lọ́mú, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe èyí tí a ń fi etí kan gbọ́. Mo bẹ Ọlọ́run Ọba, ẹni tí ó fi ojú sí wa níwájú tí kò fi sí wa lẹ́yìn, pé kí ó má jẹ́ kí ohun tí yóò pa wá gba ẹ̀yìn wá ní ọjọ́ tí kò sí ẹni tí yóò sọ fún wa. Ẹ ṣe àmín. Àmín yín kò dún tó. Bí ìtàn yìí bá dé àárín, ẹ̀yin náà yóò mọ̀ pé ó yẹ kí ẹ ti pariwo.

Èmi tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, Ọdẹ́ṣínà ni orúkọ mi, ọmọ Ọdẹ́kúnlé ará Ìdí-Ahùn. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọdẹ kan wà tí ó jù mí lọ ní agbègbè yìí, ẹ bi í léèrè bóyá ọdẹ náà ti kú, nítorí láàárín àwọn tí ń mí, n kò tíì pàdé rẹ̀. Ẹtu mọ ìró ìbọn mi ju ohùn ìyá rẹ̀ lọ. Ẹfọ̀n tí ó bá gbóòórùn mi láàárọ̀ á kọ́kọ́ pín ogún fún àwọn ọmọ rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Mo lè rìn lórí ewé gbígbẹ kí ewé rò pé atẹ́gùn ni. Bí mo bá sì ń wọ igbó lọ, ìjálá tí mo máa ń fi ki ara mi nìyí, nítorí ẹni tí kò ki ara rẹ̀, ara rẹ̀ a gbàgbé rẹ̀:

Ọdẹ́ṣínà, ọmọ a-wọ-igbó-bí-ẹni-wọ-yàrá,
A-fi-àdá-kí-igi, igi-dá-a-lóhùn,
Ìrókò rí i, ó ní, "Mo yà fún ọ, kọjá,"
Àpáta nìkan ni kò yà, nítorí kò lẹ́sẹ̀.

Ẹ fi ìlà ìrókò yẹn sọ́kàn. A óò padà pàdé rẹ̀ níwájú, yóò sì dójú tì mí.

Ní ọdún tí mo ń wí yìí, ọ̀gbẹlẹ̀ mú tó bẹ́ẹ̀ tí odò wa gbẹ dé ilẹ̀, tí akàn ń fi ẹsẹ̀ rin gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ láti kí àwọn ará ilé rẹ̀. Ewúrẹ́ ń lá ara ìkòkò. Ọmọ ń sunkún láìsí omijé. Baálẹ̀ wa rántí pé ìsun kan wà ní òdì kejì igbó, Omi Àṣàmọ̀ ni à ń pè é, tí kì í gbẹ láéláé, ó sì ránṣẹ́ pè mí pé kí n la ọ̀nà dé ibẹ̀ kí àwọn obìnrin lè máa pọnmi. Ẹ̀yin tí kì í ṣe ará Ìdí-Ahùn, ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà wa fún yín. Bí a bá ń la ọ̀nà tuntun, ẹnì kan ni yóò máa gé igbó, ẹlòmíràn ni yóò dúró lẹ́yìn rẹ̀ tí yóò máa wo bí ọ̀nà ti ń lọ. Bí ó bá rí i pé ó fẹ́ yà, á ké pé, "Ó ń wọ́ o!" Ẹni tí ń gé kò sì gbọdọ̀ bínú. Bí ọ̀nà bá parí, ìyàwó ẹni tí ó là á ni yóò kọ́kọ́ gbé ìkòkò rìn ín, kí ìlú lè rí i pé ọkọ rẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Baálẹ̀ bi mí pé, "Ọdẹ́ṣínà, ta ni yóò dúró lẹ́yìn rẹ?" Mo ní, "Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́ fún wa. Ẹran nìkan ní ń wà lẹ́yìn ọdẹ, ìyẹn nígbà tí mo bá ti pa á, tí mo gbé e kọ́ ẹ̀yìn." Gbogbo àwọn tí ó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Mo rò nígbà náà pé eyín ní ń dùn ún.

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àdá mi ń dún ṣáṣáṣá, igbó ń wó lulẹ̀ bí ọ̀tá. Nígbà tí oòrùn ga, Àwẹ̀ró ìyàwó mi gbé ẹ̀kọ àti omi wá fún mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Àwẹ̀ró ti rí: obìnrin tí kì í sáré sọ̀rọ̀ ni, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ a máa rí ọ̀já tí kò dọ́gba láti òdì kejì ọjà. Ó gbé igbá kalẹ̀, ó yíjú padà, ó wo ibi tí mo ti gé wá. Ó ní, "Bàbá Fọ́lárìn, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má bínú o. Ọ̀nà yìí ti ń wọ́. Mo dúró ní ìdí ọ̀pẹ tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, n kò rí yín. Mo rò pé bí ó bá tọ́, ó yẹ kí n rí yín láti ibẹ̀."

Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn. Mo ní, "Àwẹ̀ró, láti ìgbà wo ni ẹni tí ń ro ọkà ti ń kọ́ ọdẹ ní igbó? Ṣé mo ń yọjú sí ìkòkò ọbẹ̀ rẹ? Padà sílé, lọ dáná."

Ó ní, "Mo ti gbọ́." Ó kó igbá rẹ̀, ó lọ. Kò bínú. Ẹ̀yin ará, ìbá sàn kí ó bínú, nítorí ẹni tí ó bá bínú á padà wá jà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní "mo ti gbọ́" ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Mo jẹ ẹ̀kọ mi, mo bá iṣẹ́ lọ, mo sì yọ sí etí omi kan tí ó mọ́ gaara, tí ó funfun bí wàrà ní ìsàlẹ̀. Mo ki ara mi. Mo padà sílé bí ẹni tí ó bí ìlú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Àwẹ̀ró gbé ìkòkò síwájú, àwọn obìnrin tẹ̀ lé e. N kò tíì run orín tán nígbà tí mo gbọ́ igbe. Àwọn obìnrin ni wọ́n ń sáré bọ̀, gèlè ti já, ìkòkò kò sí lórí ẹnikẹ́ni. Ìyá Sùnkànmí, aládùúgbò wa, ni ó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. Ó ní, "Ọdẹ́ṣínà, omi tí o mú wa lọ kì í ṣe Omi Àṣàmọ̀ o! Ìyàwó rẹ tẹ etí omi, amọ̀ funfun gbá a mú ní kókósẹ̀. A fà á, a fà á, bí ẹni ń fa gbòǹgbò ìrókò. Ohùn kan wá sọ̀rọ̀ láti inú omi, ó ní kí a lọ pe ẹni tí ó la ọ̀nà, kí ó dé kí oòrùn òní tó wọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, amọ̀ ni yóò sin ín."

Mo gbé ìbọn ṣakabùlà mi, mo gbé àdá, mo so àpò mọ́ ìbàdí, mo sáré wọ inú igbó. Bí mo ti ń sáré ni èèmọ́ inú koríko ń lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ta ni ó ń ro ti èèmọ́?

Ní àárín ọ̀nà tí mo là fúnra mi, mo rí ẹnì kan tí ń bọ̀. Ó ga tó òrùlé ilé ìdáná. Ó ń rìn bọ̀ wá bá mi, ṣùgbọ́n ibi tí ojú yẹ kí ó wà tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹ̀yìn àwo. Kò ní imú, kò ní ẹnu. Ẹ̀rù bà mí, mo yà fún un, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láìsọ̀rọ̀. Bí ó ti kọjá tán ni mo rí i: ojú rẹ̀ wà ní ìpàkọ́! Ojú méjèèjì ń wò mí, ẹnu ń jẹ orógbó, imú sì ń gbóòórùn mi fínfín. Ó dúró láìyíjú padà, nítorí kò nílò kí ó yíjú padà.

Ó ní, "Ọdẹ, ọ̀nà rẹ wọ́."

Mo ní, "Ta ni ó bi ọ́?"

Ó ní, "Ẹni tí a kò bi ní ń sọ òótọ́. Ẹni tí a bi ti mọ ohun tí o fẹ́ gbọ́."

Inú bí mi. Mo ní kí n fi ẹni tí mo jẹ́ hàn án, mo gbé ìjálá mi sókè, mo ki ara mi láti orí dé ìlà ìrókò. Ibẹ̀ ni ó ti dá mi dúró. Ẹ̀yin ọdẹ tí ẹ wà níbí, ẹ mọ àṣà wa: bí ẹnìkan bá ń sun ìjálá tí ó ṣìnà, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n a máa tọ́ ọ sọ́nà lójú agbo. N kò mọ̀ pé àwọn ará igbó náà ń ṣe é. Ó ní, "Irọ́ lo pa níbẹ̀ yẹn, ọdẹ. Ìrókò yà fún ọ? Mo wà nídìí rẹ̀ lánàá nígbà tí o ń gé bọ̀. Ìwọ ni o yà fún ìrókò. O yà fún un sí apá òsì. O yà fún ayùnrẹ́, apá òsì. O yà fún òrò, apá òsì. O kò sì padà sí ọ̀tún rí. Tún ìlà yẹn ṣe."

Mo gbé ìbọn lé èjìká. Mo fà á, ó ní "kẹ́". Mo tún fà á, ó tún ní "kẹ́", bí adìyẹ tí ó gbàgbé ohun tí ó fẹ́ wí. Olójú-Ìpàkọ́ rẹ́rìn-ín títí orógbó fi há a lọ́fun. Ó ní, "Ìbọn kì í pa ọ̀rọ̀, ọmọ Ọdẹ́kúnlé. Ó yá, jẹ́ kí n pa àlọ́ fún ọ. Kí ni ohun tí o ń gbé kiri láti ọjọ́ tí a ti bí ọ, tí gbogbo ayé ti rí, tí ìwọ kò rí i rí?"

Mo ní, "Ọkàn mi."

"Ta ni ó ti rí ọkàn rẹ? Àní gbogbo ayé!"

"Ìpín mi."

"Ìpín rẹ ni ó wà nínú amọ̀ yẹn, ṣe kíá."

Mo wo ibi tí ojú rẹ̀ wà. Mo ní, "Ìpàkọ́ mi."

Ó ní, "O káre. Kí ni ó wà lára rẹ̀ nísinsìnyí?" Mo ní, "Irun ni." Ó ní, "Èèmọ́ ni. Ó bò ó bí ẹní. Kì í ṣe ti òní nìkan, ti àná wà níbẹ̀, ti ìjẹta wà níbẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó bá ọ pàdé ni ó rí i. Wọn kò sọ fún ọ, nítorí wọ́n mọ bí ẹnu rẹ ti rí. Sún mọ́ mi kí n yọ ọ́."

Mo ní, "Má fọwọ́ kàn mí! Ọ̀ṣọ́ ọdẹ ni èèmọ́."

Ó ní, "Ọ̀ṣọ́ a máa yún ni bí?" Ìgbà tí ó sọ ọ́ ni ìpàkọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi, ṣùgbọ́n n kò họ ọ́ lójú rẹ̀. Ó ń lọ, ó sì ń wò mí bí ó ti ń lọ, ó ní, "Nígbà tí o bá dé ọ̀hún, etí ni kí o mú dání. Àdá kò ní tó ọ." Igi bò ó.

Nígbà tí mo dé etí omi, mo rí Àwẹ̀ró ìyàwó mi ní ìdúró, amọ̀ mú un dé kókósẹ̀, ìkòkò rẹ̀ tí ó fọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sunkún. Ó wò mí, ó wolẹ̀. Nínú omi, arúgbó kan jókòó tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ amọ̀ funfun, ìgbín ń rìn nínú irun rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì dún bí ọlọ tí a ń lọ ata lé lórí. Mo wólẹ̀ kí i. Mo ní, "Ìyá, ẹ dákun, ẹ jọ̀wọ́ ìyàwó mi. Bí ẹran ìgbẹ́ ni ẹ fẹ́, bí ẹran màlúù ni ẹ fẹ́, mo lè wá a."

Arúgbó Amọ̀ ní, "Kí ni n óò fi ẹran ṣe, tí n kò ní eyín? Ọdẹ, o la ọ̀nà gba orí ibùsùn mi kọjá. Omi tí ẹ ń wá wà lábẹ́ àràbà tí o ń wò lọ́ọ̀ọ́kán yẹn. Bí o bá lọ tààrà ni, ìwọ ìbá ti dé ibẹ̀, èmi ìbá sì máa sùn. Ohun tí mo fẹ́ kò ju èyí lọ: bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ, la ọ̀nà kan tí ó tọ́ dé ìdí àràbà. Má bojú wẹ̀yìn títí ọwọ́ rẹ yóò fi kan igi náà. Bí ó bá tọ́, ìyàwó rẹ di tìrẹ, yóò rin orí ọ̀nà náà jáde. Bí ó bá wọ́, amọ̀ á gòkè. Bí oòrùn bá wọ̀, ọ̀rọ̀ parí."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ọ̀nà lílà! Iṣẹ́ ọwọ́ mi! Mo wo orí àràbà tí ó yọ sókè ju gbogbo igbó lọ, mo tutọ́ sí ọwọ́, mo wọ abẹ́ igi. Lábẹ́ igi, àràbà pòórá, ewé bo ojú ọ̀run. Kò burú. Mo ń gé, mo ń gé. Bí mo ti ń gé ni mo gbọ́ ariwo lókè orí mi. Mo wòkè, mo rí àwọn iwin kéékèèké tí wọn kò tóbi ju òkété lọ, wọ́n so rọ̀ lórí ẹ̀ka bí àgbálùmọ̀, ẹnu gbogbo wọn ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ní, "Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ti lékeléke!" Òmíràn ní, "Ó ń wọ́ o!" Òmíràn ní, "Orí yìí rí bí ìkòkò tí a mọ lójú òjò!" Òmíràn ní, "Ó ti yà sósì ní ìdí ọ̀pẹ!" Òmíràn ní, "Ta ni ó fi ìyàwó fún un?" Mo bú wọn padà, mo bú ìyá wọn, mo bú igi tí ó gbé wọn. Mo gé títí apá ro mí, mo rí ìmọ́lẹ̀ níwájú, mo kígbe ayọ̀, mo yọ jáde. Ẹ̀yin ará, ẹ̀yìn Àwẹ̀ró ni mo yọ sí. Mo ti po igbó náà po bí ewúrẹ́ tí a so mọ́ èèkàn. Amọ̀ gòkè, ó dé orúnkún rẹ̀.

Mo ní àdá ni kò mú. Mo pọ́n ọn lára òkúta. Mo ní ariwo àwọn iwin ni kò jẹ́ kí n fọkàn sí i, mo ṣa òwú àràbà tí ó ń fò kiri nínú ọ̀gbẹlẹ̀, mo fi dí etí mi méjèèjì pinpin. Mo tún wọ inú igbó. Ó dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀! Kò sí ẹni tí ń bú mi, kò sí ẹni tí ń sọ pé ó wọ́. Nínú ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn, gbogbo ohun tí mo gé dára lójú mi. Mo ń ki ara mi nínú, mo sì ń gbọ́ oríkì náà kedere nítorí òun nìkan ni mo ń gbọ́. Ìgbà tí mo yọ jáde, orí ọ̀nà mi àkọ́kọ́ ni mo yọ sí, ó gbé mi padà sí etí omi bí ẹni tí a fà lọ́wọ́. Amọ̀ ti dé àyà Àwẹ̀ró. Oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

Nígbà náà ni mo ju àdá sílẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti bá ẹkùn pàdé lójúkojú, n kò wárìrì. Ṣùgbọ́n ẹkùn ní ìwájú, ọdẹ lè yìnbọn sí i. Ohun tí ó ń pa mí yìí wà lẹ́yìn mi, mo sì ń gbé e kiri. Ìbọn kò wúlò, oògùn kò wúlò, agbára apá mi gan-an ni ó ń sin ìyàwó mi. Mo kúnlẹ̀, mo yọ òwú kúrò létí, mo gbàdúrà. Mo ní, "Ọlọ́run Ọba, atọ́nisọ́nà, ọ̀nà há mọ́ mi. Rán ẹnì kan sí mi tí yóò tọ́ mi. N kò rí ibi tí mo ti ṣìnà. Olúwa, rán ẹnì kan." Mo dúró kí ààrá sán, kò sán. Atẹ́gùn kò fẹ́. Kìkì ohun tí mo gbọ́ ni bí Àwẹ̀ró ti ń mí, fúù, fúù, nítorí amọ̀ ń fún un láyà.

Mo ní, "Àwẹ̀ró, láti àárọ̀ ni o ti ń wò mí. Kí ló dé tí o kò sọ nǹkan kan?"

Ó ní, "Mo sọ ọ́ lánàá, Bàbá Fọ́lárìn. Ẹ ní kí n lọ dáná."

Bí ẹnìkan bá gba ni létí, ó sàn ju ìyẹn lọ. Mo mọ̀ nígbà náà pé àdúrà mi ti gbà kí n tó gbà á, pé Ọlọ́run ti rán ẹni náà sí mi pẹ̀lú ẹ̀kọ àti omi, mo sì lé e padà. Mo dojúbolẹ̀. Mo ní, "Wí i fún mi nísinsìnyí. Má fi oyin sí i."

Ó ní, "Ẹ kì í gé igi ńlá, ẹ máa ń yà fún un. Kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òsì ni ẹ máa ń yà sí, nítorí ọwọ́ ọ̀tún yín ní ń gbé àdá, ó sì rọ̀ yín lọ́rùn. Bí ẹ bá ti kọjá igi tán, ẹ kì í padà sí ọ̀tún. Ẹ rò pé iwájú ni iwájú, níbikíbi tí ẹ bá kọjú sí. Bí ẹ ti ń ṣe nílé náà nìyẹn."

Mo fẹ́ dáhùn ti ilé. Ẹnu mi ti là. Mo pa á dé.

Mo gbé àdá. Igi kìn-ín-ní, mo yà sí òsì, mo kọjá, mo dúró. Mo ní, "Àwẹ̀ró?" Ó ní, "Ọ̀tún, díẹ̀ sí i. Ó tó." Igi kejì bẹ́ẹ̀. Ní ẹ̀bá igi òrò kan, ó ní, "Ọ̀tún," ojú mi sì sọ fún mi pé mo ti wà ní ojú ọ̀nà. Mo ní, "Rárá, ibí yìí dára, èmi ni mo wà níbí," mo sì gé ẹ̀ka bíi mélòó kan lọ. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ tí ó yí padà, bí ohùn ẹni tí ń gbé agbọ̀n sókè. Mo mọ̀ pé amọ̀ ti dé ọrùn rẹ̀. Mo fi ẹ̀yìn rìn padà kíákíá sídìí òrò náà kí n má baà bojú wẹ̀yìn, mo gé sí ọ̀tún bí ó ti wí. Ẹ gbà mí gbọ́, ó ṣòro ju kí a fa ọta ìbọn yọ lára lọ. Ẹni tí a bá tọ́ sọ́nà tí kò bá dùn ún, kò tíì gbọ́ ni.

Lẹ́yìn náà, mo jìnnà. N kò gbọ́ ohùn Àwẹ̀ró mọ́. Mo dúró láàárín igbó, n kò mọ ọ̀tún, n kò mọ òsì, oòrùn sì ń lọ. Àwọn iwin kò dákẹ́ ní tiwọn. "Ẹsẹ̀ lékeléke ti rẹ̀!" "Imú rẹ̀ ń ṣàn!" "Ó ń yà sósì, orí ìkòkò!" Mo gbé etí sókè. Nínú gbogbo èébú yẹn, ọ̀kan wà níbẹ̀ tí ó jẹ́ òótọ́. Mo fi ìyókù sílẹ̀ bí a ti ń fi èèpo sílẹ̀ lára ẹ̀pà, mo jẹ ọmọ rẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣé o, orí ìkòkò gbọ́. Ọ̀tún tó bí mélòó?" Ẹnu ya àwọn iwin náà. Kò sí ẹni tí ó ti dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn rí. Ọ̀kan nínú wọn, ohùn rẹ̀ kéré bí ti ẹyẹ ẹ̀ga, ó ní, "Ìṣísẹ̀ kan, bàbá." Mo gbé ìṣísẹ̀ kan. "Ó tó, bàbá. Ó tọ́. Máa lọ." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń mú mi lọ láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, tí wọ́n ń bú mi, tí wọ́n ń tọ́ mi, tí mo ń dúpẹ́, títí ọwọ́ mi fi kan ara àràbà, tí mo gbọ́ omi tí ń sun lábẹ́ gbòǹgbò rẹ̀.

Mo lè bojú wẹ̀yìn nígbà náà. N kò lè ṣe é. Ẹ̀rù bà mí. Oòrùn ti kan orí igi, gbogbo rẹ̀ pọ́n bí epo. Mo di àràbà mú bí ọmọ tí ó di ìyá rẹ̀ mú, mo ń tẹ́tí. Àwọn iwin dákẹ́. N kò mọ̀ bóyá ọ̀nà tọ́, n kò mọ̀ bóyá ẹnìkan wà ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ní ayé wà lẹ́yìn mi, n kò sì lójú níbẹ̀.

Ó pẹ́. Mo wá gbọ́ pọ̀tọ̀, pọ̀tọ̀, bí ẹsẹ̀ tí amọ̀ tutù wà lára rẹ̀. Ó ń sún mọ́ mi. Ó dúró. Ọwọ́ kan tí ó tutù bí omi ìsun bà mí lọ́rùn.

Ó ní, "Bàbá Fọ́lárìn, èèmọ́ kún ìpàkọ́ yín."

Mo tẹ orí ba. Mo ní, "Àwẹ̀ró, jọ̀wọ́, bá mi yọ ọ́."